Omi àti Iyọ̀ fún Ẹni tí ń Làágùn

Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún, nígbà tí ọyẹ́ bá ti lọ tán tí òjò kò sì tí ì bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí ń gbé ní Gowon Estate, tàbí ní Ẹ̀gbẹ́dá, Ìkọ̀tún àti Ìgandò, tí a ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ooru mú. Ní ìgbà náà gan-an ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa ń kó àwọn ọmọ jáde sí pápá fún ìdíje eré ìdárayá ti ilé sí ilé. Ìgbà náà ni àwọn bíríkìlà ń sáré láti parí ilé kí òjò tó dé. Ìgbà náà sì ni àwẹ̀ Lẹ́ńtì máa ń bọ́ sí. Nítorí náà ni a ṣe rí i pé ó tọ́ kí a fi ẹ̀kọ́ oṣù yìí ṣe àlàyé ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn ti mọ̀ tán, èyí ni bí ó ti yẹ kí ẹni tí ń làágùn máa mu omi, àti ohun tí ó yẹ kí ó bá omi náà lọ.

Àwọn àgbà wí pé omi kò lọ́tàá. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n omi ní ẹnìkejì nínú ara ènìyàn, ẹnìkejì náà sì ni iyọ̀. Ẹni tí òógùn bá ti ṣàn dé ètè rẹ̀ rí mọ̀ pé ohun tí ń jáde lára wa kì í ṣe omi lásán. Aṣọ dúdú tí òṣìṣẹ́ wọ̀ ní òwúrọ̀ a máa ní ilà funfun ní ẹ̀yìn àti ní abíyá nígbà tí ó bá di ìrọ̀lẹ́. Iyọ̀ ni ilà náà. Bí a bá dá omi nìkan padà fún ara tí ó ti pàdánù omi àti iyọ̀, ìdajì gbèsè ni a san. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ooru mú ni ó jẹ gbèsè iyọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sì ti ń ṣìnà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìdí tí ara fi ń làágùn. Nígbà tí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, ooru ń jáde nínú rẹ̀ bí ó ti ń jáde lára ẹ̀rọ mọ́tò, ẹ̀jẹ̀ a sì gbé ooru náà wá sí awọ ara. Níbẹ̀ ni òógùn ti ń tú jáde. Òógùn kì í mú ara tutù nítorí pé ó jáde. Gbígbẹ tí ó gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́ ni ó ń kó ooru lọ. Àwọn tí wọ́n ti bu omi mu nínú àmù mọ̀ pé omi a máa tutù nínú rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni, nítorí omi díẹ̀ ń yọ jáde lára àmù, ó sì ń gbẹ. Ṣùgbọ́n ní Èkó, afẹ́fẹ́ kún fún ọ̀rinrin òkun àti ọ̀sà, òógùn kì í sì í tètè gbẹ. Ó ń kán sílẹ̀ lásán, ara kò tutù, bẹ́ẹ̀ ni kò sì dẹ́kun láti máa tú òmíràn jáde. Nítorí èyí ni ẹni tí ń sáré ní Gowon Estate fi lè pàdánù omi púpọ̀ láìrí èrè tí ó tó nínú rẹ̀. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, òógùn a gbẹ kí a tó rí i, ènìyàn a sì máa rò pé òun kò làágùn rárá.

Ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ agbára nínú ooru lè làágùn tó ìdajì lítà sí lítà kan ààbọ̀ ní wákàtí kan. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi inú ọ̀rá kan, èyí tí gbogbo wa ń pè ní píọ́ wọ́tà, jẹ́ ìdajì lítà. Nítorí náà, ọ̀rá kan sí mẹ́ta ni ó ń bá òógùn lọ ní wákàtí kan ṣoṣo. Nínú lítà òógùn kan, sódíọ̀mù, tí í ṣe ohun pàtàkì inú iyọ̀ ọbẹ̀, a máa tó nǹkan bí gíráàmù kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yàtọ̀ gidigidi láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Bí a bá sọ ọ́ di iyọ̀ ọbẹ̀, ó tó ìdajì ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì. Pòtásíọ̀mù náà wà nínú òógùn, ṣùgbọ́n ó kéré púpọ̀ sí èyí.

Iṣẹ́ sódíọ̀mù ni láti di omi mú nínú ẹ̀jẹ̀, àti láti jẹ́ kí ọpọlọ lè rán iṣan níṣẹ́. Àwọn awakùsà èédú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé àwọn onímọ̀. Ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú ooru, wọ́n ń mu omi púpọ̀, síbẹ̀ pajápajá ń mú wọn ní ẹsẹ̀ àti ní ikùn. Ní ọdún 1923 ni K. Neville Moss tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí wọn jáde, ó sì fi hàn pé nígbà tí a fi iyọ̀ díẹ̀ sí omi tí wọ́n ń mu, ìrora náà dínkù.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ tí ó kàn yìí bá wí jùlọ. Ìgbàgbọ́ àtijọ́ kan wà pé ọmọ tí ń ṣe eré ìdárayá kò gbọ́dọ̀ mu omi títí eré yóò fi parí, kí ikùn rẹ̀ má bàa wúwo. Ìgbàgbọ́ yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ni eré bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà dì í mú ṣinṣin títí ọ̀rúndún tí ó kọjá fi kọjá ààbọ̀. Ní ọdún 1965, Dókítà Robert Cade àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Florida yẹ àwọn agbábọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ náà wò, wọ́n sì rí i pé omi àti iyọ̀ púpọ̀ ni wọ́n ń pàdánù tí wọn kò dá padà. Wọ́n po omi, iyọ̀, ṣúgà àti omi ọsàn kíkan pọ̀ fún wọn. Láti inú àpòpọ̀ náà ni ohun mímu tí a ń pè ní Gatorade ti jáde.

Ẹ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ọmọ tí a fi omi dù. Omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a dínkù, ọkàn rẹ̀ a máa lù kíkankíkan láti fi ìwọ̀nba tí ó kù ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó gbé ooru wá sí awọ ara kò sì ní tó. Bí ènìyàn bá ti pàdánù omi tí ó ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ, agbára rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn. Fún ọmọ tí ó wọn 40 kílò, èyí jẹ́ 800 gíráàmù, kò tilẹ̀ tó omi inú ọ̀rá méjì.  A kò rí ìdí kankan tí omi fi yẹ kí ó jẹ́ ohun tí a fi ń bá ọmọ wí. Bí olùkọ́ bá fẹ́ kí ikùn ọmọ má wúwo, kí ó fún un ní díẹ̀díẹ̀, ìgbà púpọ̀. Kí ó má dúró títí òùngbẹ yóò fi mú kí ó gbé ọ̀rá méjì mì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe kejì wà, tí ó dàbí ẹni pé a ń sá fún ti ìṣáájú, èyí ni pé kí a máa rọ omi sínú láìka òùngbẹ sí. Ní ìdíje eré Marathon ti ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹrin ọdún 2002, obìnrin ẹni ọdún 28 kan ṣubú kí ó tó dé òpin, ó sì kú. Kì í ṣe òùngbẹ ni ó pa á. Ohun mímu tí ó mu ni ó pọ̀ jù, tí ó sì la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn oníṣègùn gba ẹ̀jẹ̀ 488 nínú àwọn asáré ìdíje náà, èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2005 sì fi hàn pé sódíọ̀mù ti lọ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ nínú ẹ̀jẹ̀ ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Àmì tí ó hàn jùlọ lára irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé ó wúwo nígbà tí ó parí eré ju ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ lọ.

Nígbà tí sódíọ̀mù bá lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi a wọ inú ọpọlọ, ọpọlọ a sì wú. Orí a máa fọ́ ni, ènìyàn a máa bì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa dàrú, gìrì sì lè mú un. Ẹ kíyèsi í pé àwọn àmì wọ̀nyí jọ ti ẹni tí ooru pa, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olùrànlọ́wọ́ a fi tún máa bu omi sí i fún un. Láti ọdún 2016 ni a ti ń sá eré Marathon ní Èkó pẹ̀lú, lọ́pọ̀ ìgbà ní oṣù kejì, ọ̀nà rẹ̀ sì ju 42 kìlómítà lọ. Àwọn tí wọ́n ń gba ẹ̀bùn kọ́ ni ewu omi àmujù wà fún jùlọ, nítorí pé wọn kì í pẹ́ lójú ọ̀nà. Ó wà fún ẹni tí ń rìn tí ń sáré fún wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí ó sì ń dúró mu omi níbi gbogbo tí a bá ti gbé omi kalẹ̀.

Báwo wá ni kí ènìyàn ṣe mọ ìwọ̀n? Fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, òùngbẹ ni olùṣọ́ tí ó dára jùlọ: kí ó mu nígbà tí ó bá ń gbẹ ẹ́, kí ó sì dáwọ́ dúró nígbà tí kò bá gbẹ ẹ́ mọ́. Kí ó sì wo ìtọ̀ rẹ̀. Bí ó bá pọ́n díẹ̀, ó dára. Bí ó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí ó sì kéré, omi kò tó. Àwọn tí wọ́n ń kọ́ ara fún eré ìje lè wọn ara wọn kí wọ́n tó jáde àti nígbà tí wọ́n bá dé. Kílò kan tí ó dínkù jẹ́ lítà omi kan. Ṣùgbọ́n olùṣọ́ yìí kì í jí dáadáa ní ara gbogbo ènìyàn. Òùngbẹ a máa dínkù bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, nítorí náà kí a máa gbé omi fún àwọn bàbá àti ìyá wa tí wọ́n ti dàgbà kí wọ́n tó béèrè. Ọmọdé a máa gbàgbé òùngbẹ nínú eré. Ọmọ tí ń kiri píọ́ wọ́tà láti Ìyánà Ìpájà dé Ẹ̀gbẹ́dá a máa gbé omi lérí kí ó má sì mu nínú rẹ̀, nítorí pé owó ni ó kà á sí. Ní ti ọmọ ọwọ́ tí kò tí ì pé oṣù mẹ́fà, omi ọmú tó fún un nínú ooru gbogbo. Kí a máa fún un lọ́mú nígbà púpọ̀ sí i, kí a má ṣe fún un ní omi lásán.

Ní ti iyọ̀, ẹni tí ó jókòó nínú ilé tàbí ní ọ́fíìsì, tàbí tí ó ṣe eré ìdárayá tí kò pé wákàtí kan, kò jẹ gbèsè kankan tí oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ kò lè san. Ọbẹ̀ wa kì í ṣe aláìníyọ̀. Ẹ̀fọ́ rírò kan pẹ̀lú irú àti mágì ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa, kò gbọ́dọ̀ fi ooru ṣe àwáwí láti fi iyọ̀ kún oúnjẹ láìbi dókítà wọn. Ẹni tí ó jẹ gbèsè ni bíríkìlà tí ó po kọnkéré láti àárọ̀ di ọ̀sán, asáré tí ó ju wákàtí kan tàbí méjì lọ lójú ọ̀nà, àti ẹni tí inú ń ṣí tàbí tí ó ń bì. Ẹ fi ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òtútù dé kún wọn. Ọmọ wa tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù wá ṣe Kérésìmesì nílé, òógùn rẹ̀ níyọ̀ ju ti àwa tí a ń gbé ìhín lọ. Ara a máa gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ó tó kọ́ bí a ti ń fi iyọ̀ pamọ́ nínú ooru, kí ó má sì ti ọjọ́ kejì tí ó dé bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù ní agogo méjì ọ̀sán.

Ẹni tí ó gbààwẹ̀ láìmu omi di ìrọ̀lẹ́ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà bí ó bá ní iṣẹ́ agbára lọ́wọ́, ìbáà ṣe nínú wa tàbí nínú àwọn aládùúgbò wa Mùsùlùmí, nítorí pé ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, oṣù Ramadan wọn àti Lẹ́ńtì wa ti ń bọ́ sí ìgbà ooru kan náà. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ líle rẹ̀ ní kùtùkùtù. Bí ó bá ń ṣínu, kí ó fi ògì àti ọbẹ̀ ṣínu, kí ó sì máa mu omi díẹ̀díẹ̀ títí di alẹ́.

Gàrí tí a fi omi tútù rẹ, tí a bu iyọ̀ díẹ̀ sí, tí a sì fi ẹ̀pà sísun jẹ, jẹ́ oúnjẹ òṣìṣẹ́ tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu gan-an. Omi àgbọn dára, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a tàn yín: pòtásíọ̀mù ni ó pọ̀ nínú rẹ̀, sódíọ̀mù kéré, nítorí náà kò lè dá san gbèsè òógùn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Mínírà tí ó dùn rìnrìn ní ṣúgà púpọ̀ jù, kì í sì í jẹ́ kí omi tètè wọ ara. Àwọn ohun mímu inú agolo tí ń ṣèlérí agbára, tí àwọn ọ̀dọ́ ń mu ní ìdí iṣẹ́, ohun tí ń lé oorun lọ àti ṣúgà ni ó pọ̀ nínú wọn. A kò rí ohun tí wọ́n wá ṣe ní pápá ọmọdé.

Bí ẹnì kan bá ṣubú nínú ooru, tí ara rẹ̀ gbóná bí iná, tí ó ń sọ ìsọkúsọ tàbí tí kò mọ ibi tí ó wà, ẹ má ṣe dá omi sí i lẹ́nu. Ooru inú ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa ju ìwọ̀n 40 lọ, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan sì níye lórí. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi tútù sí gbogbo ara rẹ̀, ẹ sì máa fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Bí yìnyín bá wà, ẹ fi í sí abíyá, ọrùn àti abẹ́ itan. Ẹ mú un tutù ná, lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Kì í sì í ṣe gbogbo ìdákú ni ti ooru. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, Samuel Okwaraji ṣubú ní pápá National Stadium ní Súrùlérè nígbà tí Nàìjíríà ń bá Angola gbá bọ́ọ̀lù, ó sì kú. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkàn rẹ̀ tóbi ju bí ó ti yẹ, àti pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá ń dákú lórí pápá léraléra, kí a mú un lọ fún àyẹ̀wò, kí a má fi omi nìkan tù ú nínú.

Ó kù kí a sọ̀rọ̀ lórí omi oníyọ̀ àti ṣúgà, nítorí òun ni ó ń san gbèsè méjèèjì pọ̀. Ìwádìí fi hàn pé ìfun ní ilẹ̀kùn kan tí sódíọ̀mù àti glúkóòsì inú ṣúgà ń gbà wọlé pọ̀, omi a sì tẹ̀lé wọn. Bí ọ̀kan kò bá sí, èkejì a máa falẹ̀. Ní ìlú Dhaka ní ọdún 1968, David Nalin àti Richard Cash fi èyí tọ́jú àwọn tí àrùn onígbáméjì ń bá jà. Ní ọdún 1971, Dókítà Dilip Mahalanabis lò ó ní ibùdó àwọn tí ogun lé wá sí Bangaon ní ilẹ̀ Íńdíà, nígbà tí omi tí a ń fà sí ara tán, ó sì gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ là. Ní ilẹ̀ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, ẹni tí ó di mínísítà ètò ìlera ní ọdún 1985, ni ó mú kí àwọn ìyá mọ̀ ọ́n ní àmọ̀dunjú. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ ìdílé rẹ̀: ọmọ Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti ni, bàbá àgbà rẹ̀ sì ni Kánọ́ọ̀nù Josiah Jesse Ransome-Kuti.

Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ìyá rántí láti ìgbà náà, èyí tí a fi ìgò bíà wọn, jẹ́ ti ṣíbí kan tí ó kéré ju èyí tí ó wà nílé ọ̀pọ̀ wa lọ. Ẹni tí ó bá fi ṣíbí ńlá wọn ọ́n yóò po iyọ̀ jù, iyọ̀ àpọ̀jù sì léwu fún ọmọdé. Èyí tí ó rọrùn láti rántí ni ti lítà kan: ọ̀rá píọ́ wọ́tà méjì, ṣíbí kékeré ṣúgà mẹ́fà, àti ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀, kí a fi ọ̀bẹ gé orí ṣíbí pẹrẹsẹ nígbà gbogbo. Kí a tọ́ ọ wò kí a tó fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá níyọ̀ ju omijé lọ, kí a dà á nù kí a sì po òmíràn. Bí a bá rí ORS rà ní ilé olóògùn, òun ni ó sàn jù, nítorí pé pòtásíọ̀mù wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Omi kànga tàbí ti ẹ̀rọ tí a kò bá dá lójú, kí a sè é, kí ó sì tutù kí a tó po nǹkan sí i. Kí a bo ohun tí a bá pò, kí a sì da èyí tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn wákàtí 24 nù.